Ìṣòro Àwọn Olùsìn Màlúù Oníwàrà Kéékèèké ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a léṣinṣin. Kò sí ẹni tí a bí ní Òmù-Àrán, ní Ẹ̀sìẹ́, ní Àjàṣẹ́-Ìpo tàbí ní Ìgbàjà tí kò mọ obìnrin Fúlàní tí ó máa ń gbé igbá wàrà kiri. A ń ná wàrà lọ́wọ́ rẹ̀, a ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ènì sí i, a sì ń dín in fún àlejò. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó ti bi ara rẹ̀ léèrè pé: báwo ni wàrà yìí ṣe dé inú igbá? Kí ló dé tí ó máa ń pọ̀ lójò, tí ó sì máa ń wọ́n lẹ́ẹ̀rùn? Kí ló dé tí gbogbo ètò tí ìjọba àti àwọn onímọ̀ ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ kò tíì sọ igbá kan di méjì?

Ẹlòmíràn lè wí pé, kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ màlúù? Ó kàn án gidigidi. Ọ̀pọ̀ Fúlàní tí ó wà lágbègbè wa ni a bí síbẹ̀, èdè wa ni wọ́n sì fi ń tajà fún wa. Bí a bá fẹ́ kọ́ wọn ní ohun tuntun, bóyá Fúlàní tàbí Yorùbá ni a óò fi kọ́ wọn, kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èyí ni ó mú mi gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi nínú ìwé ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn kò le. A sábà máa ń gbọ́ pé olóríkunkun ni àwọn darandaran, pé wọn kò fẹ́ ìlọsíwájú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tí a ní kí ó gbin koríko kọ́ ni ó ni ilẹ̀. Ẹni tí a ní kí ó yí ẹ̀yà màlúù padà kọ́ ni ó ni màlúù nígbà mìíràn. Ẹni tí a sì pè sí ìpàdé ẹ̀kọ́ kọ́ ni ó ni wàrà. Bí a kò bá tú okùn mẹ́ta yìí, ẹ̀kọ́ yòówù kí a kọ́ wọn, etí ni yóò gbọ́ ọ, ọwọ́ kò ní í lè ṣe é.

1. Kí ni wàrà?

Iṣẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe nínú èdè wa. Ó jẹ́ orúkọ omi funfun tí a fún láti inú ọmú màlúù. Ìtumọ̀ yìí ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá mú lò. Ó sì tún jẹ́ orúkọ ohun líle funfun tí a fi omi yìí sè, tí àwọn kan ń pè ní wàràkàṣì. Ní ọjà Ìlọrin àti ti Ìgbómìnà, bí o bá ní o fẹ́ ra wàrà, èyí líle ni wọn yóò bù fún ọ. Kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú, n óò pe ti àkọ́kọ́ ní wàrà tútù, n óò sì pe èkejì ní wàrà sísè. Àwọn Fúlàní fúnra wọn ń pe wàrà tútù ní kosam.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ní òwúrọ̀, kí agbo tó lọ jẹko, wọn a kọ́kọ́ tú ọmọ màlúù sílẹ̀ kí ó fa ọmú ìyá rẹ̀ díẹ̀, nítorí abo màlúù wa kì í sábà sọ wàrà sílẹ̀ bí kò bá rí ọmọ rẹ̀. Wọn a wá so ọmọ náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyá, wọn a sì fún wàrà náà sínú igbá. Obìnrin a gbé e kaná. A gún ewé tàbí igi bọmubọmu, a da oje rẹ̀ sí i, kò sì ní í pẹ́ tí wàrà yóò fi dì, tí omi rẹ̀ yóò sì yà sọ́tọ̀. A bu èyí tí ó dì sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí ó lè ro. Ìdí nìyí tí ìrísí apẹ̀rẹ̀ fi máa ń wà lára wàrà tí a bá rà.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí. Kò gba ẹ̀rọ amúǹkan-tutù. Kò gba iná mànàmáná. Bọmubọmu tí ó hù lẹ́bàá ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń lo omi inú ikùn ọmọ màlúù fún. Sísè tí wọ́n ń sè é sì ń pa kòkòrò ikọ́ ife àti ti brucellosis, àrùn méjèèjì tí ó lè ti ara màlúù ran ènìyàn bí a bá mu wàrà tútù láìsè é. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ìtọ́jú wàrà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé onímọ̀ ni òun ń bá sọ̀rọ̀.

2. Kí ni wọ́n ń pè ní ìtọ́jú tuntun?

Bí a bá kó ìmọ̀ràn àwọn oníṣẹ́ ọ̀gbìn jọ, kò ju nǹkan márùn-ún lọ: kí a gbin koríko tàbí kí a tọ́jú oúnjẹ pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn, kí a mú ẹ̀yà màlúù tí ó ń fún ni ní wàrà púpọ̀ wọ inú agbo, kí a máa gún ẹran ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lásìkò, kí a fọ ọwọ́, ọmú àti igbá kí a tó fún wàrà, kí a sì kó wàrà jọ sí ojú kan fún títà. Kò sí èyí tí kò dára nínú wọn. Ìṣòro wà níbi tí ìmọ̀ràn gbé pàdé ayé tí àwọn ènìyàn náà ń gbé.

3. Àwọn ìṣòro náà

(a) Koríko àti ilẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, koríko ilẹ̀ wa a gbó, a gbẹ, iná ìgbẹ́ a sì jó púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sọ pé bí èròjà amúnidàgbà inú koríko bá ti dín sí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, màlúù kò ní í lè jẹ tó bí ó ti yẹ. Koríko ẹ̀ẹ̀rùn wa sì máa ń lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màlúù a rù, wàrà a gbẹ. Ìdí tí wàrà fi ń wọ́n lẹ́ẹ̀rùn nìyẹn.

Wọ́n ní kí Fúlàní gbin koríko. Lórí ilẹ̀ ta? Gbogbo wa tí a jẹ́ ọmọ Yorùbá ni ó mọ àṣà ilẹ̀ wa. Àlejò tí a fún ní ilẹ̀ lè gbin iṣu, àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́, ohun tí yóò wà nílẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin obì, kòkó tàbí ọ̀pẹ, nítorí igi alálòpẹ́ a máa di ẹ̀rí pé ẹni tí ó gbìn ín ni ó nilẹ̀. Koríko tí a ń gbìn fún màlúù máa ń lo ọdún púpọ̀, ó sì ń fẹ́ ọgbà yí i ká. Lójú onílẹ̀, ọgbà kò yàtọ̀ sí igi obì: ẹni tí ó sọgbà fẹ́ jókòó pẹ́. Fúlàní mọ èyí. Nítorí náà, kò ní í náwó lé ilẹ̀ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lè dá onílẹ̀ lẹ́bi, nítorí ogún àwọn baba rẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Ìjọba Àríwá ti ṣe òfin ibi ìjẹko ní 1965, nígbà tí ilẹ̀ tí ó di Ìpínlẹ̀ Kwárà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí ó ya ilẹ̀ gbalasa sọ́tọ̀ kò parí ọ̀rọ̀ ẹni tí gáà rẹ̀ wà lórí oko ìdílé kan lẹ́yìn Ẹ̀sìẹ́.

(b) Ta ni ó ni màlúù? Kì í ṣe gbogbo màlúù tí ó wà ní gáà ni ó jẹ́ ti Fúlàní. Àwọn ará ìlú wa, oníṣòwò, tíṣà, òṣìṣẹ́ ìjọba, máa ń ra màlúù, wọn a sì fi í síkàáwọ́ Fúlàní kí ó máa bá wọn dà á. Wàrà ni ó sábà máa ń jẹ́ lára owó iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ màlúù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: olówó màlúù kò jèrè wàrà, nítorí náà kò rídìí tí yóò fi náwó sórí oúnjẹ tàbí ẹ̀yà tí yóò mú wàrà pọ̀ sí i. Ẹni tí ó jèrè wàrà kò sì láṣẹ láti pààrọ̀ akọ, láti ta abo tí kò ní wàrà, tàbí láti dín agbo kù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Bí àwọn méjèèjì kò bá jọ ṣe é, kò ní í ṣe é ṣe.

(d) Ta ni ó ni wàrà? Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé Fúlàní, ọkọ ni ó ń ṣàkóso agbo, ṣùgbọ́n ìyàwó ni ó ni owó wàrà. Owó yìí ni ó fi ń ra iyọ̀, ata, aṣọ ọmọ àti oògùn. Bí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn bá dé gáà, àwọn ọkùnrin ni yóò bá jókòó sábẹ́ igi. Yóò sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan lórí wàrà, àwọn tí ó ń se wàrà yóò sì wà lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń rokà. Ó ju èyí lọ. Bí wọ́n bá ṣètò pé kí a máa gbé gbogbo wàrà tútù lọ fún ilé-iṣẹ́ kan ní òwúrọ̀, tí ilé-iṣẹ́ náà sì ń san owó lóṣooṣù fún ọkọ, ìyàwó ti pàdánù owó ojoojúmọ́ rẹ̀ àti ẹni tí ó ń bá a rà á. Ǹjẹ́ a lè retí pé kí ó ti irú ètò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn?

(e) Ọmọ màlúù ńkọ́? Màlúù funfun oníké tí ó pọ̀ jù lágbègbè wa, èyí tí wọ́n ń pè ní Bunaji, kì í sábà fún ni ju lítà 1 tàbí 2 lọ lójúmọ́ lẹ́yìn èyí tí ọmọ rẹ̀ mu. Ó lè tó ọmọ ọdún 4 tàbí 5 kí ó tó bí àkọ́bí. Friesian tí àwọn òyìnbó ń sìn lè fún ni ní lítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí oúnjẹ àti ìtọ́jú rẹ̀ bá pé. Ṣùgbọ́n kò sí igbá wàrà kan tí a ń tà ní Òmù-Àrán tí kì í ṣe pé ọmọ màlúù kan ni a bù ú mọ́ lọ́wọ́. Mo bi obìnrin kan tí ó ń tà á léèrè ìdí tí kò fi ń fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, bí mo bá ta oúnjẹ ọmọ màlúù tán lónìí, kí ni n óò fún ní wàrà lọ́dún mẹ́rin òní?” Ìṣirò tí ó péye ni. Agbo ni báńkì wọn, ọmọ màlúù sì ni èlé rẹ̀.

(ẹ) Ẹ̀yà àjèjì àti àìsàn. Friesian kò fara da ooru wa, eégbọn wa àti àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé wọ́n mú Friesian gun Bunaji. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ ní Ṣíkà lẹ́bàá Zaria, níbi tí ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fún ẹran ọ̀sìn wà láti 1976. Àdàlù yìí dára, wàrà rẹ̀ ju ti Bunaji lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ó ń fẹ́ náà ju ti Bunaji lọ. Bí a bá gbé e fún ẹni tí kò ní koríko lẹ́ẹ̀rùn, a kàn gbé ẹnu kan kún ẹnu ni. Fífi àtọ̀ akọ sí abo lára láìsí akọ níbẹ̀ náà ní ìnira tirẹ̀. Inú nitrogen olómi ni àtọ̀ náà ń gbé, èyí tí ó tutù tó ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo, ìgbà tí abo sì ń wá akọ kì í sábà pé ọjọ́ kan. Kí a tó ránṣẹ́ láti gáà dé ìlú, kí oníṣègùn ẹran tó rí alùpùpù gùn, àsìkò ti kọjá.

Ní ti àìsàn, nítorí pé oníṣègùn ẹran jìnnà, darandaran a ra oògùn lọ́jà, a sì gún ẹran fúnra rẹ̀. Bí ayédèrú bá wà níbẹ̀, kò mọ̀. Bí oògùn kò bá tó ìwọ̀n tí ó yẹ, àrùn kò ní í kú, yóò kàn mọ oògùn náà lójú ni, kò sì ní í gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

(f) Èdè. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an. Lára ìgò oògùn ẹran, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí a bá gún màlúù, a kò gbọdọ̀ mu wàrà rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, pẹ̀lú lẹ́tà tí kò tóbi ju èèrà lọ. Ẹni tí ó gún ẹran kò lè kà á, ẹni tí ó se wàrà kò gbọ́ nípa rẹ̀, èmi àti ẹ̀yin ni a sì ń jẹ wàrà náà. Sísè lè pa kòkòrò àìsàn, ṣùgbọ́n kì í fi gbogbo ìgbà pa oògùn. Ewu tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti Fúlàní nìkan.

4. Àwọn ìgbìyànjú tí ó ti wáyé

Àjọ àgbáyé kan tí ó ń ṣe ìwádìí ẹran ọ̀sìn ní Áfíríkà, ILCA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1974, ṣiṣẹ́ ní agbègbè Kaduna láti ìparí àwọn ọdún 1970. Wọ́n ní kí darandaran sọgbà yí nǹkan bí hẹ́kítà 4 ká, kí ó gbin ewéko kan tí ó ń jẹ́ Stylosanthes, ìbátan ẹ̀wà àti ẹ̀pà, kí abo tí ó lóyún àti èyí tí ó ń fún ọmọ lọ́mú máa jẹ ẹ́ fún wákàtí méjì àbọ̀ lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìmọ̀ràn rere ni. Ṣùgbọ́n owó ọgbà wọ́n, iná ìgbẹ́ ń bà á jẹ́, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ilẹ̀ sì di ìdènà. Ohun tí mo sọ nípa Ẹ̀sìẹ́ ti ṣẹlẹ̀ ní Kaduna rí.

Ní ìpínlẹ̀ tiwa, ìjọba pe àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun láti Zimbabwe, wọ́n sì dé Ṣóńgà ní 2005. Lára wọn ni àwọn tí ó sin màlúù fún wàrà. Oko ńlá olówó ńlá ni, oníwàrà kékeré kò sì lè fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, FrieslandCampina WAMCO bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2010 láti máa gba wàrà tútù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní agbègbè bí Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Èyí sún mọ́ ohun tí a ń wá, nítorí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí igbá tí ó wà nílẹ̀, pẹ̀lú ibi tí a ti ń kó wàrà jọ kí a sì mú un tutù. Ní 2020, báńkì àgbà ilẹ̀ wa fi òfin dí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ láti gba owó òkèèrè ra wàrà wọlé, kí wọ́n lè yíjú sí ti ilé. Ní oṣù Keje 2024, ìjọba àpapọ̀ tún kéde ilé-iṣẹ́ ìjọba kan fún ìdàgbàsókè ẹran ọ̀sìn nìkan. Àṣẹ ti wà. Ọ̀nà oko ni kò tíì dára.

Bí a bá wo òkèèrè, India ni ó yẹ kí a kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Ní 1946, àwọn àgbẹ̀ kan ní agbègbè Kaira, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ju màlúù tàbí ẹfọ̀n kan sí méjì lọ, dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní ìlú Anand nítorí pé alágbàtà ń rẹ́ wọn jẹ. Abúlé kọ̀ọ̀kan ń kó wàrà jọ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń wọn ọ̀rá inú rẹ̀, wọ́n sì ń sanwó bí ó bá ti dára tó. Láti ara ẹgbẹ́ yìí ni Amul ti jáde. Kì í ṣe màlúù wọn ni ó kọ́kọ́ yí padà bí kò ṣe ọjà wọn. Nígbà tí ọjà dájú, àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ń béèrè oúnjẹ àti oníṣègùn.

5. Ohun tí a lè ṣe

Èkíní, kí àwọn ọba, baálẹ̀ àti olórí ìdílé ní Ìgbómìnà pèsè ìwé àdéhùn fún koríko gbígbìn: ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá, pẹ̀lú ẹ̀rí pé koríko kì í ṣe igi, pé ọgbà kò sì sọ àlejò di onílẹ̀. Àdéhùn yìí yóò tún dín ìjà àgbẹ̀ àti darandaran kù, nítorí màlúù tí ó bá yó kì í wọ oko olóko bí èyí tí ebi ń pa.

Èkejì, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó wà nílẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ, ewé ẹ̀pà, pòpórò àgbàdo àti eèrí wà káàkiri abúlé wa, púpọ̀ nínú wọn ni a sì ń sun níná. Olóko lè tà wọ́n fún gáà. Kò gba ilẹ̀, kò gba ọgbà.

Ẹ̀kẹta, kí olówó màlúù tí ó ń gbé ìlú bá olùtọ́jú rẹ̀ ṣe àdéhùn tuntun, kí àwọn méjèèjì jọ ná owó oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì jọ pín èrè.

Ẹ̀kẹrin, kí a kọ́ àwọn obìnrin, kí obìnrin sì wà lára àwọn tí yóò kọ́ wọn. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì fẹ́ ra wàrà tútù, ọwọ́ ẹni tí ó gbé e wá ni kí ó sanwó sí.

Ẹ̀karùn-ún jẹ́ iṣẹ́ tiwa. Kí a wá ọ̀rọ̀ tí ó yéni fún àwọn ohun tuntun wọ̀nyí. Mo dá àbá díẹ̀: ibi tí a gbin koríko pamọ́ sí de ẹ̀ẹ̀rùn, kí a pè é ní àká koríko, bí a ti ní àká àgbàdo. Àrùn tí ó ń mú ọmú màlúù le, tí ó sì ń ba wàrà jẹ́, kí a pè é ní ọmú wíwú. Iye ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ mu wàrà lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí a pè é ní ọjọ́ ìdádúró. Bí a bá kọ “ọjọ́ ìdádúró: 4” gàdàgbà sára ìgò, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kà á fún ìyá rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé kì í ṣe àìgbọ́n ni ó ń dá àwọn olùsìn màlúù kéékèèké dúró. Ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, màlúù tí wọn kò láṣẹ lé lórí, ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ẹni tí kò ni wàrà, àti èdè tí kò yé wọn ni. Mo ké sí ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi pé bí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, kí ẹ mú ìgò oògùn ẹran kan, kí ẹ tú ohun tí ó wà lára rẹ̀ sí Yorùbá tí ó yéni, kí ẹ sì kà á fún àwọn tí ó wà ní gáà tí ó sún mọ́ yín. Bí a bá ń kọ́ oríkì àti àrọ̀fọ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n èdè tí kò lè sọ fún ènìyàn pé wàrà yìí kò tíì ṣe é mu, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.